Ọjọ́ Márùn-ún Láìṣe Àmín

"Màmá ẹ ló wà lórí fóònù," ni àǹtí mi wí. "Gbà á, kó o bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo mirí.

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́rin ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí àǹtí mi ti ń dirun. Ọ̀kan wà lábẹ́ dráyà, ó ń tòògbé. Ìkejì jókòó síwájú dígí, ìdajì orí rẹ̀ ti di dídì, ìdajì tó kù dúró ṣánṣán. Ìkẹta ń retí kó kan òun. Òróró irun wà ní gbogbo ọwọ́ àǹtí mi, ìka méjì péré ló fi di fóònù náà mú tó fi nà án sí mi.

"Mo ní gbà á! Ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ṣé o gbọ́? Ọ̀la!"

Mo tún mirí, mo sì fi ìka kan ẹnu mi tó wà ní pípadé.

"Ọmọ yìí, ṣé odi ni?" ni obìnrin tó ń retí béèrè.

"Odi kẹ̀? Rédíò là ń pè é nílé wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin rè é tó ti ya odi, a ò mọ ohun tá a fi ṣe é."

Mo ń gbọ́ ohùn kan tó ń dún fínfín láti inú fóònù náà. Mo sá wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àǹtí mi ń kó aṣọ ìnura àti ọṣẹ irun sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi ìka di etí mi méjèèjì. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ìyá mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa, màá dáhùn, bí mo bá sì dáhùn, mo ti ba gbogbo ohun tí mò ń ṣe láti ọjọ́ Àìkú jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi, torí mo mọ̀ pé ẹ ti ń pè mí ní ọmọ burúkú.

Iṣẹ́ akéde ni ìyá mi ń ṣe ní ibùdókọ̀ ńlá. Inú yàrá kékeré kan tó ní gíláàsì níwájú ló máa ń jókòó sí, òun àti gbohùngbohùn àti ife omi gbígbóná kan. Òun ló ń sọ fún àwọn arìnrìn-àjò pé ọkọ̀ báyìí fẹ́ gbéra, pé ẹnu ọ̀nà kẹta ló wà, kí ẹni tó ti ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ máa bọ̀ kíá. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ́ gaara. Àwọn tí kò rí ojú rẹ̀ rí mọ ohùn rẹ̀. Bí a bá jọ lọ ra nǹkan, bó bá ti lanu báyìí, ọlọ́jà á tẹjú mọ́ ọn: "Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń pe ọkọ̀ ni?" Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, á ní òun náà ni, orí mi á sì wú bí ẹni pé èmi ni wọ́n kí.

Bó ṣe ń kéde ọkọ̀ náà ló ṣe ń gbàdúrà. Kì í já wọ inú ọ̀rọ̀ lójijì. Á kọ́kọ́ pe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa: "Baba wa tó wà lọ́run, Ọba tí kì í sùn, Ẹlẹ́dàá wa, Olùgbọ́ àdúrà..." Bàbá mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó tó pe Ọlọ́run tán, oúnjẹ ti tutù. "Ṣé o rò pé kò mọ̀ pé òun lò ń pè ni?" Ìyá mi á ní, "Ó mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ìparí rẹ̀ náà ò yẹ̀ rí: "Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa." Ìgbà yẹn ni gbogbo wa á tó ṣe "Àmín". Kí a tó dé ibi Àmín yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Òfin ilé wa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tóbi jù ú lọ. Lọ́jọ́ kan, ìkòkò ń jóná lórí ààrò, èéfín ti gba gbogbo ilé, à ń wo ara wa lójú, kò sẹ́ni tó lanu. Ìgbà tí a ṣe Àmín tán ni bàbá mi tó pariwo, "Ẹ gbà wá o!" tí gbogbo wa sì sáré.

Mo wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí mo bi ìyá mi pé kí ni Àmín wà fún. Ó ní, "Bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni. Wọ́n ti kó ẹrù sí i tán nìyẹn, ó ti ń lọ." Àlàyé náà dùn mọ́ mi, ó sì jókòó sí mi lọ́kàn.

Nígbà tó yá, kókó kan yọ sí ìyá mi lọ́rùn. Kò dùn ún, ó kàn ń tóbi sí i ni. Dókítà ní kí wọ́n lọ gé e kúrò ní ilé ìwòsàn kan tó jìnnà sí wa, pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè di nǹkan míì. Bàbá mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n fi mí sọ́dọ̀ àǹtí mi, àbúrò bàbá mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí wọ́n lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo pe Ọlọ́run bí ìyá mi ṣe máa ń pè é, mi ò fo ọ̀kankan. Mo sọ ohun tí mo fẹ́: "Ẹ má jẹ́ kí ìyá mi kú." Mo dé "Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa." Bí mo ṣe fẹ́ ṣe Àmín báyìí, ẹ̀rù bà mí.

Mo rò ó pé: bí mo bá ti ilẹ̀kùn yìí, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé mo gbàgbé nǹkan kan ńkọ́? Bó bá di ọ̀la tí mo tún ní ẹ̀bẹ̀ míì, ṣé kì í ṣe ilẹ̀ ni mo máa bá ara mi? Ó kúkú sàn kí n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí títí wọ́n á fi ṣiṣẹ́ abẹ náà tán lọ́jọ́ Ẹtì. Ọlọ́run ò ní lè lọ síbì kankan, a ó jọ wà níbẹ̀ ni. Mo bá dìde láìṣe Àmín. Nígbà tí mi ò sì tíì ṣe Àmín, inú àdúrà ni mo ṣì wà, òfin ilé wa sì ti de ẹnu mi. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, ibi tí ọgbọ́n mi mọ nìyẹn.

Mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni pàápàá, torí wọ́n ti kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá ń gbàdúrà kì í fi ṣe àṣehàn. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tí a jọ ń jókòó sórí àga kan ní kíláàsì, ń bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń mi orí. Ó rò pé eyín ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fà mí lápá aṣọ, ó ní, "Kí ni mo ṣe fún ẹ? Bó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀ ẹ́, sọ ọ́." Mo wo ojú rẹ̀, mo sì wolẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà, èmi nìkan sì ni mo wà lórí àga tó yẹ kó gba èèyàn méjì.

Ọjọ́rú yẹn kan náà ni olùkọ́ wa ní kí oníkálukú dìde, kó ka ojú ìwé kan sókè. Ogún máàkì ló wà nídìí rẹ̀ fún ìdánwò ìparí sáà. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo di ìwé mú, mo sì ń wo ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ojú dídì kà.

"Ka ìwé," ni olùkọ́ wí.

Mi ò kà á.

"Ìwọ tí ariwo ẹ kì í jẹ́ kí n ráyè sọ tèmi? Òní lo wá mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó tún ní, ní ohùn pẹ̀lẹ́ báyìí, "Ṣé kò sí o?" Nígbà tí mi ò dáhùn, ó mirí, ó kọ òdo síwájú orúkọ mi, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nípa dídákẹ́ ni pé ó máa ń tètè mọ́ àwọn èèyàn lára. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n á bi ẹ́ pé kí ló dé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á bínú. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, wọ́n á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí ẹni pé o ò sí níbẹ̀. Bí a bá ń jẹun, àǹtí mi á gbé abọ́ síwájú mi láìwo ojú mi. Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà á na ọwọ́ kọjá lórí mi láti mú kóòmù. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dá wà tó bẹ́ẹ̀ láàárín èrò. Ọlọ́run tí mo tìtorí rẹ̀ pa ẹnu mọ́, òun náà ò sọ nǹkan kan.

Ìyá mi sì ń pè. Ojoojúmọ́, ní aago mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ajé, àǹtí mi ní mo lọ sí ìsọ̀ kejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní mo ń wẹ̀. Lọ́jọ́rú, irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó sọ òtítọ́ pé mi ò fẹ́ gba fóònù. Ọjọ́bọ̀ ni mo ti sọ fún yín.

Kò pẹ́ tí mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ́jọ́ náà tí àǹtí mi fi wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti nu ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo ní kí wọ́n rán mi sí ẹ," ló wí. "Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ohun táwọn fẹ́ sọ, ẹnu àwọn làwọn fẹ́ fi sọ ọ́, etí ẹ ló sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n dúró títí. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n má fipá mú ẹ." Ó gbé aṣọ ìnura kan, ó ká a, ó tún tú u. "Ọmọ kì í ṣe báyìí sí ìyá ẹ̀. Mi ò tíì rí i rí."

Ó jáde. Mo ki aṣọ ìnura bọ ẹnu mi, mo sunkún sínú rẹ̀. Àmín náà ti dé ètè mi. Bí mo bá ṣe é báyìí, màá sáré jáde, màá pe ìyá mi padà. Ṣùgbọ́n mo ní lọ́kàn mi pé ó ku ọ̀la péré, pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń ti iléèwé bọ̀, mo rí àǹtí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń jó tòun ti kóòmù lọ́wọ́. "Wọ́n ti ṣe é tán! Ìyá ẹ ti lajú! Wọ́n ti lajú o!"

"Àmín!" ni mo kígbe. Obìnrin kan tó wà lábẹ́ dráyà nínú ṣọ́ọ̀bù fò sókè. "Àmín! Àmín!" Mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo bá àǹtí mi sọ̀rọ̀, mo bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tí mo dẹ́rù bà. Inú mi dùn débi pé mo rò pé èmi ni mo ṣiṣẹ́ abẹ náà. Mo ní, "Àǹtí, ẹ bá mi pè wọ́n, mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀."

Bàbá mi ló gbé e. "Ó ń sinmi," ló wí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ṣì ń sinmi. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kí wọ́n ṣáà gbé fóònù sí i létí, bàbá mi ní kí n gbé fóònù fún àǹtí mi. Mo rí i tí àǹtí mi ń fetí sílẹ̀, tó sì fi ọwọ́ di ògiri mú.

Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ó ní dókítà ti sọ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé pé iṣan tó ń mú ohùn jáde wà nítòsí ibi tí kókó náà wà, pé ó ṣeé ṣe kó fara pa. Ó ti fara pa. Ohùn náà lè má padà mọ́.

"Ìyá ẹ mọ̀," ni àǹtí mi wí. "Wọ́n ní ká má sọ fún ẹ, kí ọkàn ẹ má baà dàrú. Bí wọ́n ṣe mọ̀ yẹn ló fà á tí wọ́n fi ń pè ẹ́ lójoojúmọ́."

Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: àdúrà ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀kùn ọkọ̀, Àmín tí mo gbé mì. Mo rò pé àǹtí mi á na mí. Ó kàn ń wò mí, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ọkọ̀ tí wọn ò ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ṣé o rí i kó gbéra rí?" ló béèrè níkẹyìn. "O dì í mú sójú kan fún odindi ọjọ́ márùn-ún, o ní ò ń gbàdúrà. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kì í dúró de ẹnu wa."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìyá mi dé. Ó rù díẹ̀, báńdéèjì funfun sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbá mi mọ́ra pẹ́. Ó lanu láti kí mi, èémí lásán ló jáde. Bàbá mi yára lọ síta, ó ní òun fẹ́ já ẹrù, bẹ́ẹ̀ ó ti já ẹrù tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó lọ rí ọ̀gá ìyá mi ní ibùdókọ̀ nípa bóyá wọ́n lè gbé e lọ sídìí tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ku èmi àti ìyá mi nílé.

Ó mú ìwé kékeré kan àti bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó yí i sí mi.

*Kí ni mo ṣe fún ẹ?*

Mo wólẹ̀ sórí eékún mi. Mo sọ fún un bí mo ṣe sọ fún àǹtí mi, ṣùgbọ́n ó ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, torí méjèèjì ò ní ohùn mọ́. Ó tún kọ̀wé. *Mo kọ́ ẹ láti má sọ̀rọ̀ kí a tó ṣe Àmín. Mi ò kọ́ ẹ pé Ọlọ́run ò ní bínú bó o bá dá ìyá ẹ lóhùn. Èmi ni mi ò kọ́ ẹ tán.*

"Mọ́mì," ni mo ní, "kí lẹ fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́bọ̀ yẹn?"

Ó tún mú bírò. Ó kọ ọ́, ó sì yí ìwé náà sí mi.

*Kò sí nǹkan bàbàrà. Mo kàn fẹ́ pe orúkọ ẹ, kí o sì dá mi lóhùn.*

Òun nìkan ni kì í pè mí ní Rédíò. Orúkọ tó sọ mí ló máa ń pè, ní pípé, kì í gé e kúrú. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ó sì gbìyànjú rẹ̀. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń pe orúkọ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ìró kankan níbẹ̀.

"Mà!" ni mo dáhùn.

Ó tún pè é.

"Mà!"

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé àdúrà náà gbà. Ó gbà. Ìyá mi wà láàyè, òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò báyìí, Ẹlẹ́rìn-ín sì ti padà sórí àga wa. Ṣé torí pé mi ò ṣe Àmín ló ṣe gbà? Rárá o. Bàbá mi sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé ti ìyá mi nílé ìwòsàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pé jọ gbàdúrà lé e lórí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n ń pe Ọlọ́run tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń ṣe Àmín tó dún. Kò bá wọn padà sílé. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àdúrà kì í ṣe okùn tí a fi ń so Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Pe Baba, sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, ṣe Àmín, kí o sì fi í sílẹ̀ fún un. Bí ẹnìkan bá sì pè ẹ́ nínú ilé kí o tó parí, dìde, lọ dá a lóhùn. Wàá bá Ọlọ́run níbi tó o fi í sí. Ẹni tó ń pè ẹ́ lè má ní ohùn tó máa fi pè ẹ́ lọ́la.